Eré ojú agbo: bí a ṣe ń gbọ́ concerto píánò àtijọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níwájú èrò

  Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tó ń kọ́ píánò. Ilé ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń sanwó tíṣà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí tíṣà bá wá ní kí ọmọ lọ gbọ́ concerto, ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí ni pé, "Èwo ni ká rà? Èwo ló dáa jù?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, níwájú èrò, pàápàá èyí tó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí n sì dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn tó tó gbọ́.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ fújì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni àwo tí olórin lọ jókòó ṣe ní stúdíò, ọ̀tọ̀ ni "live play" tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóde ìnáwó. Nínú live play, ẹ ó gbọ́ ọ tí olórin rí ẹnì kan tó ń wọlé, tó kì í, tí onílù fèsì, tí orin ìṣẹ́jú márùn-ún wá di ogún ìṣẹ́jú. Tí olórin bá ṣì í kọ, ó ti ṣì í kọ náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ní kó padà lọ tún un ṣe. Orin òyìnbó tí wọ́n kọ sínú ìwé kò fàyè sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ohùn tí wọ́n máa tẹ̀ ti wà lójú ìwé. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, irú èrò tó wà níbẹ̀, àti ohun tó ń lọ láàárín àwọn tó ń ṣe é, gbogbo ẹ̀ ló máa ń hàn.

Concerto ni orin tí wọ́n kọ fún ohun èlò kan pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà. Ẹ rántí àwọn onídùndún: ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele àti gúdúgúdú ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú concerto píánò, píánò ni ìyáàlù, àwọn àádọ́ta tàbí ọgọ́rin èèyàn tó kù ni wọ́n ń gbè é. Àmọ́ àfiwé yẹn kò délẹ̀ tán. Omele kì í bá ìyáàlù jiyàn, ṣùgbọ́n ọ́kẹ́sítírà lè bá píánò jiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé adarí kan tún dúró síwájú wọn pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí òun náà ní èrò tirẹ̀ nípa bí orin ṣe yẹ kó yá tó. Abala mẹ́ta ni concerto sábà máa ń ní: èyí tó yá, èyí tó rọra, àti èyí tó tún yá. Ibì kan sì wà tí ọ́kẹ́sítírà á dákẹ́ pátápátá, tí píánò nìkan á máa sọ̀rọ̀. Cadenza ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Tó bá jẹ́ eré ojú agbo ni, ẹ tẹ́tí sí gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dé cadenza: ẹ ó gbọ́ bí ẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ń pa lọ́lọ́.

Ìdí pàtàkì mìíràn wà tí eré ojú agbo àtijọ́ fi yàtọ̀, ẹ̀rọ ló sì fà á. Kí téèpù tó dé, rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń lò. Ojú kan rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tẹ concerto ní stúdíò láyé ìgbà yẹn, á tẹ ìṣẹ́jú mẹ́rin, á dúró, wọ́n á pààrọ̀ àwo, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró. Ẹ wo ẹni tó ń pàlọ́, tí wọ́n ń dá a dúró lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan kó lè mumi! Lójú agbo, kò sí ìdádúró. Àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ ló máa wá ọgbọ́n dá sí àwo wọn. Ẹni tó ń tẹ píánò ń bá tirẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àpẹẹrẹ tó rọrùn jù láti fi mọ ìyàtọ̀ yìí ni Concerto Kìíní ti Tchaikovsky, torí pé àwọn èèyàn kan náà ṣe é lọ́nà méjèèjì. Vladimir Horowitz ló tẹ píánò, Arturo Toscanini ló darí NBC Symphony. Toscanini yìí ni bàbá Wanda, ìyàwó Horowitz, àna bá àna ṣiṣẹ́ ni. Lọ́dún 1941, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Carnegie Hall ní New York láìsí èrò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1943, ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ nínú gbọ̀ngàn kan náà, èrò kún ibẹ̀ bámúbámú. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n tà lọ́jọ́ náà, ìwé ẹ̀yáwó ogun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tà ni èèyàn máa rà kó tó wọlé, owó tó sì wọlé lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Ti 1941 mọ́, ó gún régé. Ti 1943 ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, tó bá sì di apá ìparí, ẹ ó rò pé píánò náà fẹ́ fọ́ ni. Mo mọ àwọn tó ní eré yẹn ti pọ̀ jù. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan lọ sí erékùṣù níbi tí kò sẹ́nì kankan, ti 1943 ni màá mú.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù ni Concerto Kìíní ti Johannes Brahms. Orin náà fúnra rẹ̀ ti rí ìyà. Nígbà tí Brahms, ọmọ ọdún 25, tẹ̀ ẹ́ ní Leipzig ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1859, ṣe ni èrò ń ṣe ṣíọ̀ sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le: ìlù ńlá ń dún bí àrá, ọ́kẹ́sítírà ń bínú, ó sì máa tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí píánò tó dá sọ́rọ̀ náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1962, Glenn Gould, ọmọ Kánádà, wá tẹ orin yìí pẹ̀lú New York Philharmonic ní Carnegie Hall. Leonard Bernstein ni adarí. Gould fẹ́ kí orin náà rọra lọ, kó falẹ̀ ju bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é lọ, kí ó má sì dà bí ẹni pé píánò àti ọ́kẹ́sítírà ń figagbága. Bernstein ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Àmọ́ kò fagi lé eré, kò sì fi Gould sílẹ̀ fún adarí mìíràn. Ó jáde síwájú èrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ tèmi sọ ọ́, ohun tó wí ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ yìí kò bá èrò òun mu rárá. Ṣùgbọ́n Gould kì í ṣe ẹni téèyàn ń fojú di, àti pé tó bá ti rí nǹkan kan nínú orin, ó yẹ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ. Ó tún béèrè pé nínú concerto, ta gan-an ni ọ̀gá, ṣé ẹni tó ń tẹ píánò ni àbí adarí? Ẹ ó gbọ́ bí èrò ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù ńlá sán.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ìwọ̀sí sí Gould. Harold Schonberg, tó ń kọ̀wé nípa orin fún New York Times, bu ẹnu àtẹ́ lu Gould àti Bernstein, ó tiẹ̀ dọ́gbọ́n sọ pé bóyá nítorí pé ọwọ́ Gould kò yá tó ló ṣe ń fà á. Eré náà gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 53. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olólùfẹ́ orin ń ti ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀dà rẹ̀ kiri, èyí tí wọ́n gbà láti orí rédíò, kí Sony tó gbé eré ọjọ́ 6 oṣù kẹrin náà jáde ní síìdì lọ́dún 1998, tòun ti ọ̀rọ̀ Bernstein. Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Lọ́dún 1983, Bernstein yìí kan náà darí orin kan náà ní Vienna, Krystian Zimerman ló tẹ píánò, gígùn rẹ̀ kò sì kéré sí ti Gould!

Ní tèmi o, abala kìíní Gould fà jù. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń fẹ́ dìde ti ọ́kẹ́sítírà náà lẹ́yìn. Abala kejì ló mú mi. Ó rọra débi pé ẹ máa gbọ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí omi ń kán. Síbẹ̀, ká tiẹ̀ ní kò sí ohùn kan tó dùn níbẹ̀, màá ṣì ní kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ. Ilé mélòó ni ọmọ ti lè gbọ́ àwọn àgbà méjì tí wọn ò gbà fún ara wọn, tí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba láìbú ara wọn, tí wọ́n sì jọ ṣe iṣẹ́ náà dópin? Nínú àwo stúdíò, ẹ ò ní mọ̀ pé awuyewuye kankan wáyé. Wọ́n á ti parí ẹ̀ sí yàrá.

Gould yìí náà ni kò mọ̀ tó fi ṣílẹ̀kùn fún ọmọ adúláwọ̀ kan. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1963, òun ló yẹ kó wá tẹ píánò pẹ̀lú New York Philharmonic, ara rẹ̀ kò sì yá. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 15 oṣù náà, tẹlifíṣọ̀n CBS ti fi ètò tí Bernstein máa ń ṣe fún àwọn ọmọdé hàn, níbi tí ọmọ ọdún 16 kan, André Watts, ti tẹ Concerto Kìíní ti Franz Liszt. Bernstein ní kí wọ́n lọ pe ọmọ náà wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, Watts jókòó sí ibi tó yẹ kí Gould jókòó sí, ó tẹ Liszt kan náà, èrò sì dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un.

Bàbá Watts jẹ́ sójà, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ Hungary ni ìyá rẹ̀. Nuremberg ní Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1946. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi píánò hàn án, tí ọmọ kò bá sì fẹ́ jókòó dánra wò, ìtàn Liszt ni ìyá máa ń sọ fún un, bí Liszt náà ṣe ń dánra wò. (Ẹ̀yin ìyá tó ń bá ọmọ jà nídìí píánò, ẹ gbìyànjú ìyẹn wò ná.) Ẹ rántí ohun tí ọdún 1963 jẹ́ fún adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà: inú oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n rìn lọ sí Washington láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ọmọ dúdú tó jókòó nídìí píánò ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà tó lórúkọ jù nílùú New York, kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Watts ṣiṣẹ́ títí ó fi dàgbà, ó sì kú lọ́dún 2023, lẹ́ni ọdún 77. Fíìmù ètò ọmọdé yẹn ṣì wà. Concerto Liszt yìí kúrú, kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, àwọn abala rẹ̀ sì so mọ́ra wọn, nítorí náà kì í sú ọmọdé.

Ìyá náà ló kọ́ Van Cliburn, ọmọkùnrin gíga tó dàgbà ní Texas. Lọ́dún 1958, lẹ́ni ọdún 23, ó lọ sí ìdíje Tchaikovsky àkọ́kọ́ ní Moscow, nígbà tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ń wo ara wọn bí ológbò àti ajá. Ó tẹ píánò débi pé àwọn adájọ́ ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ Khrushchev bóyá àwọn lè fún ọmọ Amẹ́ríkà ní ipò kìíní. Ó ní kí wọ́n fún un. Kirill Kondrashin, tó darí ọ́kẹ́sítírà fún un ní Moscow, tẹ̀ lé e dé New York, wọ́n sì tẹ Concerto Kẹta ti Rachmaninoff ní Carnegie Hall ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1958. RCA gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìlú New York tú jáde sí títì láti yẹ́ ẹ sí. Orin yìí náà ni Martha Argerich, ọmọ Argentina, tẹ̀ ní Berlin lóṣù kejìlá ọdún 1982, Riccardo Chailly ló darí. Rachmaninoff kọ cadenza méjì fún abala kìíní, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mú èyí tó wù ú. Cliburn mú èyí tó wúwo, tó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa irin. Argerich mú èyí tó fúyẹ́, tó ń fò. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Mi ò lè yan ọ̀kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tó kan gbogbo ohun àtijọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀: ṣé ẹni tí wọ́n ní ó tẹ̀ ẹ́ náà ló tẹ̀ ẹ́?

Dinu Lipatti jẹ́ ọmọ Romania. Àìsàn Hodgkin, oríṣi jẹjẹrẹ kan, ló pa á ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1950, kò ju ẹni ọdún 33 lọ. Àwo tó ṣe kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá gbogbo ohun tó bá kù sílẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ojúlówó: Concerto 21 ti Mozart, tó tẹ̀ ní Lucerne ní Switzerland ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1950, Herbert von Karajan ló darí. Ohùn rẹ̀ kò mọ́ tó. Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ku díẹ̀ lé ní oṣù mẹ́ta kó kú ni, ìka rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àwọn ọdún 1960, EMI gbé àwo kan jáde pé Lipatti ló tẹ Concerto Kìíní ti Chopin tó wà nínú rẹ̀, pé eré ojú agbo ni. Àwọn èèyàn yìn ín títí. Ọdún 1981 ni àṣírí tú pé kì í ṣe Lipatti. Halina Czerny-Stefańska ló ń tẹ píánò, obìnrin ọmọ Poland, pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà Czech Philharmonic, orin kan náà sì ti wà lórí àwo tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ tà. Kì í ṣe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí o. Òun àti Bella Davidovich ni wọ́n jọ gba ipò kìíní nínú ìdíje Chopin ní Warsaw lọ́dún 1949. Ẹ wá wò ó: obìnrin yìí wà láyé, ó ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yin òkú ọkùnrin. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń gbọ́, orúkọ ara páálí nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí Chopin tí Lipatti tẹ̀ gan-an, tó jẹ́ ti Zurich, oṣù kejì ọdún 1950, Otto Ackermann ló darí, wọ́n sì gbé e jáde.

Irú ẹ̀ kò tán láyé. Lọ́dún 2007, àṣírí àwọn síìdì Joyce Hatto tú ní Britain: ọkọ rẹ̀ ló ń kó orin tí àwọn ẹlòmíràn tẹ̀, concerto wà nínú wọn, tó ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tà á. Kọ̀ǹpútà ló tú u. Wọ́n ki síìdì náà bọ inú ẹ̀rọ, orúkọ ẹlòmíràn ló jáde.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra eré ojú agbo, ẹ wo ohun mẹ́rin lára páálí rẹ̀: orúkọ ẹni tó tẹ píánò, orúkọ adarí àti ọ́kẹ́sítírà, ìlú tàbí gbọ̀ngàn, àti ọjọ́ gan-an. Èyí tó bá kàn kọ "live" láìsọ ọjọ́, ẹ fura sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún téèpù tó wà nílé yín. Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá àgbà ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, fídíò tí ọmọ ti ṣeré níléèwé, ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sí i lónìí. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti lọ, ta ló kù tó máa sọ?

Àwọn tí eré wọn kò tiẹ̀ dé orí àwo ńkọ́? Florence Price, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ concerto píánò kan tó ní abala kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Chicago lọ́dún 1934. Inú ọdún yẹn náà ni Margaret Bonds, ọmọ ọdún 21 tí Price kọ́ lórin, tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà àwọn obìnrin Chicago. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tí wọ́n kọ ohùn ọ́kẹ́sítírà rẹ̀ sí sọnù. Ó di ọdún 2011, lẹ́yìn ọdún 77, kí Trevor Weston tó tún ohùn ọ́kẹ́sítírà náà kọ láti inú èyí tó kù fún píánò, tí Karen Walwyn fi tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ, ó dùn, ijó adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní juba wà ní ìparí rẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní lè dúró. Tiwa náà wà nínú ìtàn yìí: Fẹlá Ṣówándé, tí gbogbo wa mọ̀ mọ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ló tẹ píánò nínú Rhapsody in Blue ti George Gershwin lọ́dún 1936, kò pẹ́ tó dé London láti Èkó. Rhapsody kì í ṣe concerto ní orúkọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: píánò kan níwájú, ọ́kẹ́sítírà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ. Ohun àkọ́kọ́ tó máa bá yín ni ariwo àwo, tó ń dún bí òjò lórí páànù. Ẹ má yára pa á. Ẹ fún etí yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó rí i pé òjò náà á sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà kan wà tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fọ ariwo kúrò débi pé wọ́n fọ ohùn píánò mọ́ ọn. Mo fara mọ́ òjò jù ìyẹn lọ. Ohun kejì ni pé téèpù tó ń sáré máa ń gbé ohùn sókè. Tí píánò bá wà nílé tó ṣì dún bó ṣe yẹ, ẹ tẹ nóòtì tó parí orin náà, kí ẹ fi wé ti inú àwo. Tí ti inú àwo bá ga jù, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ariwo gbọ̀ngàn wọlé sí yín létí: ikọ́, àga tó ń dún, ìwé tí wọ́n ń ṣí. Nígbà mìíràn, ohun tó wọlé ju ikọ́ lọ. Walter Gieseking tẹ Concerto Karùn-ún ti Beethoven, tí wọ́n ń pè ní Emperor, pẹ̀lú Artur Rother fún rédíò ní Berlin, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin. Stereo ni wọ́n fi gbà á, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ wà láyé. Fún rédíò ni, kì í ṣe eré ojú agbo gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí orin ti rọlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn sí ọkọ̀ òfuurufú lókè. Gieseking ò dúró.

Ẹ tún fetí sí àṣìtẹ̀, pàápàá tí ọmọ bá wà nítòsí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1978, Horowitz, lẹ́ni ọdún 74, tẹ Concerto Kẹta ti Rachmaninoff ní Carnegie Hall, Eugene Ormandy ló darí. Ó ti tó ọdún 25 tó ti bá ọ́kẹ́sítírà ṣeré kẹ́yìn. Nóòtì tó ṣì wà níbẹ̀, kò sì ṣòro láti gbọ́. Èrò kò bínú. Ọmọ tó jẹ́ pé àwo stúdíò nìkan ló ń gbọ́ máa ń rò pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í ṣì í, tí òun náà bá wá ṣì í ẹ̀ẹ̀kan, á gbé ọwọ́ kúrò lórí píánò, á máa sunkún. Mo ti rí i nínú ilé tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ Horowitz, kí ẹ sì bi í pé kí ló ṣe lẹ́yìn tó ṣì í. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni.

Ilé ìkàwé ìjọba tó sún mọ́ yín lè ní díẹ̀ nínú wọn ní síìdì, ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ náà sì wà lórí YouTube, àmọ́ ẹ wo ọjọ́ àti orúkọ tí wọ́n kọ sí i bí mo ṣe wí. Fún ilé tó ní ọmọ kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù Watts. Tchaikovsky méjèèjì ló tẹ̀ lé e, ti 1941 kí ti 1943 tó dé. Rachmaninoff dára fún ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo ilé wà nílé tí wọ́n ń dáná. Ẹ fi Brahms sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá ní wákàtí kan gbáko tí fóònù ò ní dún, ẹ má sì fo ọ̀rọ̀ tí Bernstein sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.